Òkú Tí Wọn Kò Tú

Láti ìgbà tí ìyá mi ti jáde nínú opó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sunkún, kò bínú, ó kàn dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn sì ń dẹ́rù bà mí ju ẹkún lọ. Nígbà tí olùkọ́ tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ní Bantè ra fídíò bọ̀ láti ìlú Savalou, tó ní òun ní fíìmù kan tí yóò pa wá lẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi máa dùn wá, èmi ni mo fa ìyá mi lọ́wọ́ lọ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àbúrò bàbá mi bá wa lọ. Òun ló wọ inú sàréè gba òkú bàbá mi lọ́jọ́ tí a sin ín.

Bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n fi tan tẹlifíṣọ̀n olùkọ́. Nínú fíìmù náà, ọkùnrin méjì, ọ̀kan sanra, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ń ṣubú lu ara wọn nínú ilé àtijọ́ kan. Àwa ń rẹ́rìn-ín, ojú ìyá mi le koko.

Àfi bí àpótí kan ṣe ṣí! Òkú tí wọ́n fi aṣọ funfun wé látorí dé ẹsẹ̀ dìde, ó ń rìn bọ̀. Jìnnìjìnnì bò mí, mo já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó sanra rò pé ọ̀rẹ́ òun ni, ó ń na búrẹ́dì sí i.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bí a bá tẹ́ Mùsùlùmí sínú sàréè, a gbọ́dọ̀ tú okùn tí a fi di aṣọ ara rẹ̀. Ìyá àgbà kan fò dìde:

“Wọn ò tú u! Ta ló sin èyí?”

“Ìyá, eré ni o,” olùkọ́ wí. Ta ló ń gbọ́?

Ìyá mi yíjú sí àbúrò bàbá mi.

“Ọkọ mi, ṣé ẹ tú ti ẹ̀gbọ́n yín?”

Àbúrò bàbá mi wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo rò pé kò tú u ni.

“Mo tú u, ìyàwó wa,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tú u. Mo fi Ọlọ́run búra.”

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n, òkú náà tẹ aṣọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣubú lé ẹni tó sanra. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu, inú mi dùn, mo dì mọ́ ọn.

“Ká ní mo mọ̀ pé èyí tí wọn ò bá tú máa ń rìn bọ̀ wálé ni,” ìyá mi wí, “ǹ bá ní kí ẹ má tú u.”