Ọdún Tí Wọ́n Bí Màmá Àgbékẹ́

Màmá Àgbékẹ́, ìyá tó bí bàbá mi, kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun, kò sì ní purọ́ lé e lórí. Bí èèyàn bá bi í, á ní, "Ó tó bíi 1959." Ẹ dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ tún yíká, kò ní yọ "bíi" yẹn kúrò. Ohun tó dá a lójú ni pé Accra ni wọ́n bí òun sí, àti pé òun ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò kúrò ní Gánà ní 1969. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí kò fojú kàn rí. Ìgbà tó lọ́kọ ló tó padà wá sí Accra.

Ọṣẹ dúdú tí ìyá rẹ̀ ń tà náà ló ń tà ní ọjà Odawna títí dòní. Alata samina làwọn ará ibí ń pè é, ìyẹn ọṣẹ àwa Yorùbá, torí Alata ni wọ́n ń pe àwa náà. Láti ọdún tó kọjá, imú ni Màmá Àgbékẹ́ fi ń mọ ọṣẹ rẹ̀. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Màá dúró níwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Alajo, á ní, "Ta nìyẹn?" Èmi tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́! Ó máa ń dùn mí wọra.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ojú kan ní Darkuman wá ní àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn ọlọ́jà, ayọ̀ mi kún. Èmi Rasheedah gan-an ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn fún láti ṣe, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn. N kò fẹ́ràn wúruwùru. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàṣìṣe níbikíbi, ìlà pupa kan ṣoṣo ló máa yọ lókè: "A kò gba ìforúkọsílẹ̀ yín." Ó tán. Mo tún ń fi í yangàn. Màmá ní kí n bá òun kọ ọ́, mo ní kò tó bẹ́ẹ̀, kí Abena tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi fóònù kọ ọ́, ó rọrùn bí ẹni fẹran jẹ̀kọ. Ẹ ò rí àṣejù!

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Lọ́jọ́bọ̀, mo wo orúkọ àwọn tó ti wọlé, kò sí Àgbékẹ́ níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Odawna.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ ọ́," ni Abena wí. "Pupa ló ń yọ ṣáá. Maame ní kí n fi í sílẹ̀."

Màmá ń to ọṣẹ, kò gbójú sókè.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Àkànkẹ́," oríkì mi ló fi pè mí, "wọ́n ní àwọn ò gbà mí. Ṣé ẹ̀ẹ̀kíní nìyẹn? Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, bàbá mi ò bá wọn jà. Ẹrù la dì."

Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọlẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìjọba kankan ló kọ ìlà pupa yẹn, èmi ni. Mélòó nínú àwọn ọlọ́jà ló ti kà á, tí wọ́n sì ti di ẹrù tiwọn?

Mo gba fóònù Abena. "Bíi 1959" ló wà nínú àpótí ọdún ìbí. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ni àpótí náà ń gbà.

"Mo ní ká yọ 'bíi' kúrò, ó kọ̀," ni Abena wí.

Màmá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé kí n wá purọ́ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni?"

Mo pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo jókòó lórí páálí ọṣẹ, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mo pa ìlà òkè yẹn rẹ́. Mo ṣe é kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ àpótí tí àṣìṣe wà nìkan ni ọ̀rọ̀ á ti yọ. Èyí tó bá tọ̀nà, àmì aláwọ̀ ewé ni. Fún ọdún ìbí, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́rin kọ ọ́. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ rò pé ó sún mọ́ ọn jù." Ó gbà mí tó wákàtí mẹ́ta, àwọn oníbàárà sì ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ kọjá.

Abena tún un kọ. Màmá ò jẹ́ kó yọ 'bíi' kúrò. Pupa yọ lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún. Mo ka ohun tó wà níbẹ̀ fún Màmá.

"Èyí tó sún mọ́ ọn? Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Abena, kọ 1959." Ó yíjú sí mi. "Orúkọ mi ńkọ́?"

"Ó tọ̀nà, Màmá. Látọjọ́ kìíní ló ti tọ̀nà."

"Ibi tí wọ́n bí mi sí ńkọ́?"

"Accra lẹ kọ."

"Kí ni wọ́n sọ sí i?"

"Wọ́n gbà á, Màmá. Àmì tó dáa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Ó nawọ́ sí mi, ó ní kí n fi ìka òun kàn án. Mo mú ìka tó ń ta sánsán ọṣẹ yẹn, mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ Accra. Abena fẹ́ tẹ fóònù kí fọ́ọ̀mù náà lọ. Màmá ní kó ṣe sùúrù díẹ̀.