Oru Méje Nínú Ilé Ìdáná Ìyá Mi

Òórùn irin gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì bọ omi, àti òórùn èédú tí ẹwìrì ń fẹ́ lọ́wọ́, òun ni ilé wa ní Adja-Ouèrè fi ń jí láràárọ̀. Àgbẹ̀dẹ àbúrò bàbá mi wà níwájú agbo ilé, lábẹ́ òrùlé koríko tí èéfín ti sọ di dúdú, kò sì jìnnà sí ilé ìdáná ìyá mi rárá. Ẹni tó bá jókòó síbi kan ń rí ibi kejì. Ìwọ tí o dàgbà sí ìlú ńlá lè máà mọ òórùn náà. Èmi, tí mo bá di ojú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ: ó jọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó jọ òjò díẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó yẹ kí n wà ní Dákà. Mo ti lo ọdún méjì ní yunifásítì níbẹ̀ kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti ìjọba, tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, tí wọ́n sì dá àwa tí a kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ padà sí ilẹ̀ wa. Mo dé ilé pẹ̀lú àpótí ìwé kan àti ṣòkòtò mẹ́ta, mo jókòó, mo ń retí lẹ́tà. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, lẹ́tà ò dé. Ibi tí mo ti ń retí yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ń dáko ní Ikpinlè, ti fún mi ní ọmọ ajá. Ajá rẹ̀ bí mẹ́fà, ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Mo mú èyí tó kéré jù, akọ kan tó pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà wa, tó ní funfun ní àyà. Mo gbé e sínú agbọ̀n lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, a gba àárín ọ̀pẹ àti oko àgbàdo wálé. Ó sunkún dé ìdajì ọ̀nà, ó dákẹ́, ó wá gbé imú sókè, ó ń gbọ́ òórùn gbogbo ohun tí a bá kọjá. Mi ò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe dùn tó. Bóyá nítorí pé láti ìgbà tí mo ti dé, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn.

Ibi tí yóò máa sùn ló di ọ̀rọ̀. Yàrá mi jẹ́ ti sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ rẹ̀ a sì máa tutù bí omi inú àmù nígbà ọyẹ́. Mo tẹ́ àpò sí i fún un, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ìyá mi ń yan gàrí lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Gbé e jáde. Ajá ò ní fimú kan ìkòkò tí mo fi ń bọ́ yín."

"Màámi, òtútù ń pa á."

"Irun ló wọ̀ yẹn. Èmi tí mi ò nírun, ta ló ń gbé mi káàkiri?"

Mo rò ó bí ẹni tó kàwé ṣe ń ro nǹkan. Kí ni ẹranko kékeré ń fẹ́? Ibi gbígbẹ, ibi gbígbóná, ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti ń wọlé. Ibi kan ṣoṣo ló ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àgbẹ̀dẹ ni. Àbúrò bàbá mi ti lọ tún ọkọ́ àti àdá ṣe fún àwọn ará Oko-Akarè, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kì í kú. Àwọn obìnrin ilé ń fi èédú bọ́ ọ nírọ̀lẹ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń bu iná láàárọ̀. Mo tẹ́ àpò sí ẹsẹ̀ owú ńlá tí wọ́n fi ń lu irin, mo tẹ́ ọmọ ajá síbẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún oru mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti ń gbé e padà, kí ìyá mi má baà mọ̀ pé yàrá onísìmẹ́ńtì tí mo fi ń yangàn ò ṣeé gbé fún ajá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí mo fi sáré débẹ̀, àbúrò bàbá mi ti dé láti Oko-Akarè, ó dúró pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ ní èjìká, ó ń wo ọmọ ajá tó ń sùn.

"Ta ló gbé èyí síbí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàbọ̀."

"Oru mélòó?"

Mo lè purọ́. Mi ò purọ́. "Mẹ́ta ni."

Ó sọ àpò kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó dára. Máa bọ́ ọ dáadáa títí ọdún yóò fi dé."

Ìgbà náà ni orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ní agbo ilé wa, ajá tí wọ́n bá fẹ́ fi bọ Ògún nígbà ọdún rẹ̀, láti kékeré ni wọ́n ti ń mú un. Wọn kì í kéde rẹ̀, wọn kì í so nǹkan mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n á jẹ́ kó sun oru mẹ́ta ní ẹsẹ̀ owú ní àgbẹ̀dẹ, ó parí, ti Ògún ni láti ọjọ́ náà. Mo ti rí i nígbà tí mo wà ní kékeré, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Dákà ò gba ìmọ̀ náà lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìmọ̀ náà sí ibi tí mi ò ti ní wá a mọ́. Èmi, tí mo fẹ́ kí ọmọ ajá má kú sọ́wọ́ òtútù, ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún ọ̀bẹ.

"Bàbá, mi ò fi í fún Ògún. Ibi gbígbóná ni mo wá fún un."

"Akọ̀wé! Ọdún méjì ní Dákà, wọn ò kọ́ yín ní ibi tí ajá ń sùn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Gbọ́, kì í ṣe èmi ni mo ni ín, kì í ṣe ìwọ náà. Tí mo bá ní kí o máa gbé e lọ, mo ti jí nǹkan oníǹkan fún ọ nìyẹn."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí eérú. Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí náà ni mo ti sọ ohun tí mi ò sọ fún àgbàlagbà ilé wa rí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà." Ní Dákà, a ti pariwo pé a ò ní gbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa, wọ́n sì kó wa lọ sílé bí ẹrù. Mo ti pinnu pé èyí ò ní lọ bẹ́ẹ̀.

Ó mú ẹ̀mú tó fi ń di irin gbígbóná mú, ó gbé e kalẹ̀, ó tún mú un.

"Ọ̀nà kan wà. Kó sun oru méje níbòmíràn, léra wọn. O ò gbọdọ̀ dè é, o ò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ọwọ́ kankan ò gbọdọ̀ dì í mú. Tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà síbí ní oru kan péré, ọ̀rọ̀ ti tán."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe é rí?"

"Ẹnìkan ṣe é nígbà bàbá wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ajá rẹ̀ ti ṣáájú bàbá wa dé ibi iṣẹ́."

Ilé ìdáná nìkan ló kù: ó gbóná, kò sì ní ìlẹ̀kùn. Ìyá mi, tó ń lọ sí mísà àwọn fadá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ò dá sí ọ̀rọ̀ Ògún. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ló dá sí. Ó ní kí n wá máa fọ gbogbo ìkòkò àti abọ́ rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, pẹ̀lú eérú, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó dáná. Ó tún ní èmi náà á máa sùn níbẹ̀, nítorí òun ò ní jí wá bá ajá nìkan nídìí ààrò òun. Mo gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ilé bá mi níbi tí mo ti lóṣòó ti ìkòkò ọbẹ̀.

"Ẹ kú orí ire o, Ìyá! Ẹ ti gbé ìyàwó wálé!"

"Ó mọ ìkòkò fọ̀. Ṣé ó mọ ọkà rò?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ìwé tó kà ló ń fọ̀ kúrò lórí."

Mo ń fọ ìkòkò mi lọ. Kì í ṣe ẹ̀rín wọn ló ń dùn mí, oru àkọ́kọ́ ni. Ọmọ ajá ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo pípọ́n iná àgbẹ̀dẹ nínú òkùnkùn. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo pè é, mo bá a sọ Yorùbá, mo bá a sọ Faransé, mo fi igi kún ààrò títí ojú mi fi ń ṣomi. Ó padà wá, ṣùgbọ́n ìgbà kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú ti wà níta. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi pé tí iná yẹn bá tún pè é lóru kan sí i, ó máa lọ. Àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀, ó ń bu omi mu nínú àmù wa. Ó mu ún tán, ó lọ.

Ní oru kejì, ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó wo ìta, ó yí padà. Inú mi dùn: agídí mi ti ń wọ̀ ọ́ lára. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná? Àbúrò bàbá mi, pẹ̀lú apáàdì lọ́wọ́, ó wá bu iná.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Iná wá kú mọ́ alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́ kẹ̀?"

"Ọyẹ́ ni," ó ní.

Àwọn obìnrin náà tún dé pẹ̀lú apáàdì tiwọn, nítorí wọn ò rí iná bù lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n sì fi mí rín ni wọ́n kó dà sí i lórí. Alágbẹ̀dẹ tó ń tọrọ iná! Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo jẹ́wọ́. Ó wá ní ọjọ́ kejì, ó wá ní ọjọ́ kẹta. Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé oru karùn-ún, bó ṣe kẹ́yìn sí wa, ìyá mi sọ wẹ́rẹ́ pé, "Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá sílé yìí, ọyẹ́ ò pa iná yẹn rí."

Mo dúró títí àbúrò bàbá mi fi gbé iná rẹ̀ kalẹ̀, tó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé lọ wá èédú gbígbẹ, mo sì yọ́ lọ sí àgbẹ̀dẹ. Mo wa eérú, mo ti ọwọ́ bọ èédú inú kòtò iná. Ó rin gbingbin. Òjò ò rọ̀, ìrì ò sì lè wọ abẹ́ òrùlé. Garawa tó fi ń mú irin tutù ló dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba ajá kúrò lọ́wọ́ Ògún, nítorí òun ni olùtọ́jú ojúbọ Ògún. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí a tó sùn, ó ń da omi sí iná tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, kí ọmọ ajá má baà rí pípọ́n rẹ̀. Mo padà sí ilé ìdáná pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyá mi wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

"Ìkòkò ẹ ń dúró dè ọ́," ó ní.

Ní àárọ̀ lẹ́yìn oru keje, àbúrò bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Oru mélòó?" "Méje, Bàbá." "Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ mi?" "Kò dé o." Ó lọ sídìí owú, ó tẹríba, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a ò gbọ́. Ó padà wá. "Ajá ẹ ni," ó ní. Mo ya ẹnu láti dúpẹ́.

"Ṣé iná wà?" ó bi ìyá mi, ó sì na apáàdì rẹ̀ sí i.

Ajá náà dàgbà, ó ń ṣọ́ àká àgbàdo ìyá mi títí àwọn ológun fi gbàjọba, tí wọ́n ní ìyípadà ti dé, kí a gbógun ti àṣà àtijọ́. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú níwèé nígbà náà. Lẹ́tà tí mo retí dé, mi ò sì lọ mọ́. Ní ìpàdé kan, wọ́n ní kí èmi tí mo kàwé dìde, kí n sọ bí àwọn alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi Ògún dẹ́rù ba ará ìlú. Mo dìde. Mo ní alágbẹ̀dẹ kan ni mo mọ̀, kò sì dẹ́rù bà mí rí. Mo jókòó. Inú wọn ò dùn sí mi fún ìgbà pípẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn agídí mi, bí mo ṣe sùn sílẹ̀ ní oru méje, tí mo fọ ìkòkò, tí mi ò sì gbà. Bí mo ṣe ń darúgbó ni mò ń rí i pé ẹ̀gbẹ́ iná ni mo sùn sí. Àbúrò bàbá mi ló ń jí sí kòtò tútù nínú ọyẹ́, tó ń sá èédú tó rin, tó ń dúró kí àwọn obìnrin fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Ó kú láìjẹ́ pé a sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Mi ò sọ fún un pé mo ti ọwọ́ bọ èédú náà. Ká ní mo sọ ọ́ ni, ì bá di ohun tí ó ní láti jẹ́jọ́ rẹ̀ níwájú owú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ohun tí mo lè ṣe fún un, mo sì ṣe é.