Àsíá Méjì Tonton Àlúkò

Ọjọ́ tí kamaradì délégé, aṣojú ìjọba, wá láti Parakou ni àwọn ará Tchaourou fi máa ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Tonton Àlúkò. Ìgbà Révolution ni, ìgbà ìjọba ológun. Délégé sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó gun orí tábìlì tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù, ó na ìkúùkù sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ké pé, "Prêt pour la Révolution!" Ó ń bi ìlú bóyá ó ti gbára dì fún Révolution ni, nígbà náà, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì mọ orúkọ bàbá wọn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo èrò tó kún pápá náà bámúbámú ò dá a lóhùn. Wọ́n kàn ń wò ó. Ẹnikẹ́ni ò wúkọ́. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹ koríko lẹ́yìn ilé góòlù gbórí sókè, òun náà sì dákẹ́.

Délégé tún un ké. Ìdákẹ́jẹ́ náà tún jinlẹ̀ sí i. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá mọ́tò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Iwájú pátápátá ni Karimou wà lọ́jọ́ náà, Karimou tó máa ń kó iṣu sínú ọkọ̀ ojú irin, tí ohùn rẹ̀ sì ga ju ohùn ẹnikẹ́ni lọ ní ìlú. Ó rí i bí délégé ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá etí tábìlì láti sọ̀ kalẹ̀. Àánú ṣe é, ó fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ló bá gbójú sókè, ó rí àsíá pupa lọ́wọ́ Tonton Àlúkò, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bàbá gígùn tínrín kan tó dé fìlà òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Tonton Àlúkò. Ó tẹ́tí díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń pè é láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ó sọ àsíá pupa kalẹ̀, ó gbé aláwọ̀ ewé sókè.

"La lutte continue!" ni gbogbo pápá bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, pé ìjà ń tẹ̀síwájú. Àwọn kan ní ariwo yẹn ló gbé délégé ṣubú lórí tábìlì. Àwọn kan ní ó fò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni.

"Ta ló ní kí wọ́n má dáhùn?" ni délégé bèèrè nígbà tí wọ́n gbọn eruku kúrò lára rẹ̀ tán.

"Èmi ni, kamaradì," ni Tonton Àlúkò wí. "Àsíá pupa ló wà lókè."

"Àsíá pupa? Ṣé o mọ ohun tí àsíá pupa jẹ́ nínú Révolution?"

"Mo mọ̀ ọ́n, kamaradì. Ẹ̀yin lẹ ní ká máa bọ̀wọ̀ fún un. Àbí ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un ni?"

Délégé wò ó títí. Gbogbo pápá ló mọ̀ pé wọ́n ti ti èèyàn mọ́lé nítorí ohun tó kéré sí èyí. Níkẹyìn ó bọ Tonton Àlúkò lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà, tó bá wá wo bọ́ọ̀lù ní Tchaourou, ojú Tonton Àlúkò ló máa kọ́kọ́ wò kó tó sín.

Ẹnu iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà ti rí àsíá méjèèjì àti fèrè rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìlú bẹ̀ ẹ́ kó wá máa bójú tó àwọn òǹwòran, torí pé àwa àti àwọn ará Savè ti ń sọ òkúta lu ara wa ju bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ó gbà. Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Bí pupa bá wà lókè, kí gbogbo ẹnu pa dé. Bí ewé bá wà lókè, ẹ pariwo bó ṣe wù yín. Kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kọjá ìlà ẹfun tó fà yí pápá àti òǹwòran ká láìgba àṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má bú arbitre tó ń darí eré. Ẹni tó bá sì rú òfin, ẹ̀yìn ìlà ni yóò dúró, lábẹ́ igi kajú, títí dìgbà tí Tonton Àlúkò fúnra rẹ̀ yóò fi dúró láàárín pápá tí yóò fi fèrè pè é wọlé: ìfọn gígùn kan, kúkúrú méjì. Kò sí ẹlòmíràn tó lè pè é.

Kò mojú ẹnikẹ́ni. Tata Àìná, ìyàwó rẹ̀, tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ kan nígbà tí pupa ṣì wà lókè. Ó lé e lọ sábẹ́ kajú, tòun ti agbada àkàrà rẹ̀.

"Èmi tí mo se oúnjẹ tí o jẹ láàárọ̀ yìí!" ni ìyàwó pariwo.

"Nílé, ìyàwó mi ni ọ́. Níbí, òǹwòran ni ọ́."

"Ó dáa. Òǹwòran kì í se oúnjẹ fún bàbá oníbàbá."

Bàbá fi gààrí àti omi tútù panu títí dìgbà tó fi fèrè pe ìyàwó rẹ̀ padà. Ìlú ní òun kò gbọ́ fèrè tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ìjọba gbé àsíá tuntun jáde, aláwọ̀ ewé tó ní ìràwọ̀ pupa ní igun, tí wọ́n wá ta á sí pápá, gbogbo èèyàn yíjú sí Tonton Àlúkò. Ṣé ká pariwo ni àbí ká dákẹ́? Ó ronú gan-an lórí ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ máa pariwo," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ rọra."

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò gbé pupa sókè. Bọ́ọ̀lù lè wà lẹ́nu ilé góòlù, kí bàbá náà dédé na àsíá pupa, kó tẹ orí sí apá kan, kó máa tẹ́tí sí ìhà ọ̀nà ojú irin. Nígbà kan a gbá góòlù wọlé Parakou lábẹ́ àsíá pupa, a sì gbé ayọ̀ wa mì. Kó tó gbé ewé sókè, Parakou ti dá a padà. Ìgbà yẹn ni Tchaourou wá hó yèè. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Parakou sáré wá bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ò rí ìlú tó lọ́yàyà báyìí rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń ba àwọn àlejò mìíràn. Kò rọrùn kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù níbi tí gbogbo ìlú ti ń wò ó láìmí, tó jẹ́ pé ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Àwọn kan nínú wọn sọ pé nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn àwọn máa ń mọ̀ pé ojú tó ń wo àwọn ju ti àwọn èèyàn tó wà ní pápá lọ.

Karimou bi í léèrè lọ́jọ́ kan. "Tonton, kí lẹ máa ń gbọ́?"

Bàbá náà ń tẹ́tí lọ. Nígbà tó sọ àsíá pupa kalẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ó ti kọjá."

Tata Àìná ló sọ ìyókù fún Karimou. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ń sin ìyàwó lọ lójú irin, orin àti ìlù wọn pọ̀, ọkọ̀ sì ń bọ̀. Àlúkò na àsíá pupa, ó fọn fèrè títí ètè rẹ̀ fi bẹ́, wọn ò gbọ́. Kò sọ iye àwọn tó kú fún ẹnikẹ́ni rí. "Láti ìgbà yẹn," ni ìyá náà wí, "tí ariwo bá ti ń pọ̀ jù, yóò ní kí wọ́n dákẹ́ kí òun gbọ́ bóyá nǹkan ń bọ̀." Láti ọjọ́ náà ni Karimou ti fẹ́ràn bàbá yẹn bí ẹni fẹ́ràn bàbá tó bí i.

Òun náà ló wá rú òfin. Issiaka, àbúrò rẹ̀ tó tọ́ dàgbà, ni aṣọ́lé wa. Karimou ló fi iṣu kọ́ ọ ní gbígbá nǹkan mú: yóò wà lókè ọkọ̀ ojú irin, yóò máa ju iṣu sí i, èyí tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fọ́ ni yóò jẹ lálẹ́. Iṣu fífọ́ ni Issiaka jẹ títí ó fi mọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí arbitre kan ní bọ́ọ̀lù tí Issiaka mú ti wọlé, Karimou gbàgbé pé pupa wà lókè. "Arbitre!" ló ké, "yọ ojú ẹ wá kí n bá ẹ fọ̀ ọ́!"

Tonton Àlúkò rìn wá bá a jẹ́jẹ́. "Lọ sábẹ́ kajú, ọmọ mi. N óò pè ọ́."

Kò pè é. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Karimou lọ jókòó ti ẹní rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun níbẹ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n pápá ni mo ti lé ọ, pápá ni n óò ti pè ọ́. Ṣe sùúrù kí n dìde."

Kò dìde mọ́. Ó ku díẹ̀ kó lọ ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n sin àsíá pupa mọ́ òun. Ìyá náà ń sunkún, ó béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe lọ́run.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀," ló dá a lóhùn.

Wọ́n sin ín tòun tàsíá pupa. Tata Àìná tọ́jú aláwọ̀ ewé àti fèrè sínú àpótí, ó tì í pa, kò sì wá sí pápá mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ìṣòro. Kò sí pupa tó lè ní ká dákẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ewé tó ní ká pariwo, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé, Tchaourou wo bọ́ọ̀lù láìfọhùn. A ń borí gbogbo ẹni tó bá wá. Àwọn mìíràn kò dúró kí ìdíje parí.

Karimou wà lábẹ́ kajú ní gbogbo àkókò yìí. Délégé fúnra rẹ̀ gbọ́, ó sì bínú. "Mo fagi lé ìjìyà náà lórúkọ Révolution," ló wí. "Wọlé, kamaradì!" Karimou gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìlà ẹfun. Gbogbo pápá yíjú sí i, wọ́n sì ń wo ẹsẹ̀ náà. Òtútù gun un láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tó gbójú sókè, délégé náà ti ń fà sẹ́yìn.

Báyìí ni ọjọ́ àṣekágbá àwa àti Savè ṣe dé. Ọyẹ́ mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, eruku funfun bo ojú ọ̀run débi pé àwọn tó wà ní òdìkejì pápá dà bí òjìji. Ìdààmú ọkàn bá Karimou. Ọmọ tó fi iṣu tọ́ dàgbà ń ṣọ́ ilé fún ìlú, òun sì wà lẹ́yìn ìlà bí ẹni tí kò lẹ́bí. Láti abẹ́ kajú kò rí ojú Issiaka. A gbá góòlù kan wọlé, a gbé e mì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, arbitre fún Savè ní pẹnárítì.

Issiaka dúró láàárín ilé góòlù. Ó yíjú sí igi kajú, ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú eruku. Ọmọ Savè gbá a. Issiaka fò, ó sì gbá a mọ́ àyà bí ìgbà tí wọ́n ju iṣu sí i.

Ẹnikẹ́ni ò fọhùn.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni gbogbo wa ti gbọ́ ọ. Láti ìhà ọ̀nà ojú irin ló ti wá, lẹ́yìn eruku: ìfọn gígùn kan, kúkúrú méjì.

Ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin, tó wà láàárín èrò, ń ṣẹ́jú. "Kò sí ọkọ̀ lónìí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìsí pé ẹnì kan bi í. Arbitre wo fèrè ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo orí yíjú sí abẹ́ kajú.

Karimou ti ń bọ̀. Kò dúró. Ó kọjá ìlà ẹfun, òtútù kankan kò sì gun un. Bó ti dé iwájú ló rí Tata Àìná tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ilé, ẹ̀wà lílọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àsíá aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Tata, fèrè ńkọ́?" ni Karimou béèrè.

"Ó wà nínú àpótí. Mo gbọ́ ọ láti ìdí agbada mi." Ìyá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kì í jẹ́ kí èèyàn din àkàrà rẹ̀ dé òpin. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ó tẹ́ àsíá, ó sì gbé e sókè.

Ariwo tó jáde ní Tchaourou lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ìlú Sanson gbọ́ ọ. Kì í ṣe pẹnárítì yẹn nìkan la ń hó sí. A hó fún gbogbo góòlù tí a ti gbé mì láti ọjọ́ tí bàbá náà ti lọ. Àwọn àgbà ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Karimou nìkan, olóhùn gbogbo ìlú, ni kò lanu. Ó dúró sójú kan, ó tẹ orí sí ìhà ọ̀nà ojú irin, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

Nígbà tí eré parí, Issiaka sáré wá dì mọ́ ọn, tòun ti bọ́ọ̀lù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò pariwo! Kí lẹ ń gbọ́?"

Karimou gbá orí àbúrò rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ó ti kọjá," ló wí.