Iye Ẹ̀mí Tí Kẹ́mi Fẹ́ Fi Wọgbó

Òórùn ẹrẹ̀ gọ́tà ló máa ń jí wa ní àárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó. Ní àdúgbò wa ní Ègbẹ́dá, àwọn ọkùnrin ilé á ti kó ẹrẹ̀ dúdú jáde sétí ọ̀nà kí oòrùn tó yọ, òórùn rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa lórí ẹní. Títí di aago mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn ní títì. Bí a bá ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, tí a fọ ilé ìwẹ̀ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, kò síṣẹ́ mọ́, kò sì síbi tí a lè lọ. Àsìkò yẹn ni Bọ̀dá Ṣèyí máa ń pè wá síbi eré.

Bọ̀dá Ṣèyí ni àbúrò ìyá mi tó kéré jù. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé torí ilé ìwé gíga tó ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ eré náà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Kò ní pátákó bíi ti lúdò. Bọ̀dá á máa sọ ìtàn, èmi àti Kẹ́mi àbúrò mi àti Sùlè, ọmọ Alhaji tó ń ránṣọ ní yàrá tó kọjú sí tiwa, la jẹ́ ọdẹ inú ìtàn náà. Ẹnu la fi ń sọ ohun tí ọdẹ wa fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n kí ọdẹ tó wọgbó, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ ju dáìsì láti mọ iye ẹ̀mí tó ní. Ìdérí ìgò mínírà la fi ń ka ẹ̀mí. Bí ẹranko bá bù ọ́ jẹ, wàá dá ìdérí kan padà. Bí tìrẹ bá tán, ọdẹ rẹ ti kú nìyẹn, o di òǹwòran.

Èmi ju márùn-ún. Kẹ́mi ju ẹyọ kan péré. Bọ̀dá ní ohun tí dáìsì bá ti sọ labẹ gé.

Àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde ló ń ṣe Kẹ́mi. Lónìí á máa fò kiri, tó bá dọ̀la eegun á máa ro ó débi pé Màmá á pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù, bẹ́ẹ̀ ó ti kọjá ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà nígbà tó gbọ́ ohùn Bọ̀dá. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ṣèyí, ta lo ní ẹ̀mí ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ?"

"Àǹtí mi, eré ni ṣá. Ọdẹ ẹ̀ ni mò ń sọ, kì í ṣe òun."

"Èmi ò mọ ọdẹ kankan. Fún un sí i."

Màmá kò dúró ká fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló bu ìdérí sí iwájú Kẹ́mi, ó ní láti òní lọ, nínú ilé òun, ọmọ tó kéré jù ni ẹ̀mí rẹ̀ máa pọ̀ jù. Alhaji dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ìyá Bùnmi, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ti àgbà ló yẹ kó pọ̀. Ọdẹ tó ti pẹ́ nígbó kì í tètè kú." Màmá ní, "Alhaji, àgbà ti jẹ nínú tiẹ̀. Ọmọdé lọ̀nà ẹ̀ ṣì jìn." Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, àwọn méjèèjì tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe eré náà rárá. Mò ń wò wọ́n lẹ́nu. Mi ò mọ ìgbà tí ìdérí ìgò di ọ̀rọ̀ àgbà.

Òfin Màmá la wá ń lò. Bí ẹkùn bá yọ, èmi àti Sùlè á sá sẹ́yìn ọdẹ Kẹ́mi, òun á dúró kí ẹkùn máa bù ú jẹ, torí pé tiẹ̀ kò lè tán bọ̀rọ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ṣe ló ń yán. Ó ní kò dùn, pé òun fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè fi ẹyọ kan wọgbó kó sì jáde.

Nígbà tí ìmọ́tótó oṣù tó tẹ̀lé e dé, kí ẹranko kankan tó yọ, Kẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìdérí rẹ̀. Ó fún mi, ó fún Sùlè, ó fún Bọ̀dá pàápàá. "Ẹ gbà, mi ò fẹ́ wọn mọ́."

A kò mọ̀ pé Màmá ti dúró lẹ́yìn wa. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wa, ó ń gba ìdérí lọ́wọ́ wa, ó ń kó wọn padà síwájú Kẹ́mi, omi ń dà lójú rẹ̀. "Gbà á, ọmọ mi. Má pín nǹkan ẹ fún ẹnikẹ́ni. Jọ̀ọ́, gbà á." Kẹ́mi náà bú sẹ́kún. Mo wo Bọ̀dá kó ṣàlàyé, ilẹ̀ ni Bọ̀dá ń wò. A kò ṣe eré náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo bi Màmá léèrè, èsì tó máa ń fún wa lórí gbogbo nǹkan náà ló fún mi: "Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i." Inú bí mi gan-an.

Mo ti wà nílé ọkọ kí àbúrò bàbá mi obìnrin tó sọ fún mi pé wọ́n bí ọmọkùnrin kan ṣáájú mi, tí àìsàn kan náà bá jà. Lọ́jọ́ kan, ó kó gbogbo ohun ìṣeré rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé, ó ní òun kò fẹ́ wọn mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ló kú. N kò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nílé wa rí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi tán lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ṣe ló tún dàrú mọ́ mi lójú. Kẹ́mi kò lọ síbì kankan. Eré tó le ló ń wá. Ohun tí Màmá rí lórí ìjókòó, kò sí níbẹ̀.

Kẹ́mi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìgàndó. Àìsàn náà ṣì ń wá, ó ṣì ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé àpò aṣọ kan wá fún àwọn ọmọbìnrin mi. Ó ti sanra díẹ̀, àwọn aṣọ náà kò gbà á mọ́. "Àǹtí Bùnmi, ẹ bá mi pín in fún wọn. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ká ní ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ni, mi ò bá ti máa wọ̀ wọ́n wò níwájú dígí. Èmi àgbàlagbà, tí mo fojú mi rí i pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ni mo di àpò náà padà, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e lọ sílé. Ó ní, "Àǹtí mi, kí ló dé?" Mo tún gbé àpò náà lé e lọ́wọ́. "Jọ̀ọ́, gbà á."