Ìwé Nọ́wè àti Pèrègún Oko Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí ìwé ìtàn òyìnbó kan ṣe kó mi lọ́kàn sókè ní Ore. Ìjọba sọ́jà la wà nígbà náà, àsìkò tí à ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ọṣẹ. Mo ń bá ìyá mi ta oúnjẹ fún àwọn èrò ọkọ̀ lẹ́bàá títì. Ọ̀kan jẹun tán, ó gbàgbé ìwé sórí bẹ́ǹṣì, bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ti forí lé Benin.

Orílẹ̀-èdè Nọ́wè ni wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kan níbẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, ó wá purọ́ fáwọn ọmọ rẹ̀ pé òkun ló gbé e lọ. Gbogbo àgbà ilé mọ̀, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa jẹ ẹja, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀! Irú èèyàn wo nìyẹn? Mo bú wọn títí.

Àfi bí ọkàn mi ṣe ṣáà ń lọ sí oko kòkó wa ní Ajue.

Ìlà pèrègún kan wà láàárín oko náà. Ọmọ Ìkálẹ̀ wo ni kò mọ̀ pé ààlà là ń fi pèrègún pa? Bàbá mi ló ni apá ọ̀tún, bàbá mi kan náà ló ni apá òsì. Ààlà ta wá ni? Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ní ẹyẹ ló gbìn ín. Ẹyẹ wo ló ń gbin igi ní ìlà tó gún régé? Èmi náà sì gbà, òmùgọ̀ bíi tèmi!

Mi ò lè fara balẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀bà lòun fẹ́, ìrẹsì ni mo bù fún un. Mo bi ìyá mi, wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀. Ìyẹn ló wá dá kún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, à ń fọ́ kòkó lóko, mo bi bàbá mi pé ta ló gbin pèrègún yẹn. Wọ́n gbé àdá sílẹ̀.

"Ọma mi, bàbá mi ló gbìn ín. Apá ọ̀hún, ti Mojí ni."

Àǹtí Mojí, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n sọ fún wa pé ó kú kí wọ́n tó bí mi! Wọn ò kú o. Àjèjì kan tó wá gba oko ṣe ni wọ́n fẹ́, bàbá mi bínú lé Àǹtí, wọ́n sì gba ilẹ̀ Àǹtí. Ago Alaye ni wọ́n wà látọjọ́ yìí. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí wọn ò fa pèrègún náà tu. Wọ́n ní ohun tí bàbá àwọn fọwọ́ gbìn, ọwọ́ àwọn kò gbé e.

Inú bí mi, àánú wọn sì tún ṣe mí. Wọ́n bẹ̀ mí kí n lọ pe Àǹtí wá.

Mo bá Àǹtí níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọn ò dáwọ́ ẹ̀gẹ́ bíbó dúró.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹni tó sin mí láàyè ni kó wá hú mi jáde."

Mo jíṣẹ́ náà bó ṣe rí. Kò sí epo lọ́jọ́ kejì, kò sí ọkọ̀. Bàbá mi wọ ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ago Alaye.

Mi ò bú ará Nọ́wè mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti béèrè. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ sọ tiyín fún mi: ta ni wọ́n ní ó ti kú nílé yín, tẹ́nikẹ́ni ò lè fi sàréè rẹ̀ hàn yín?