Onígìtá Kejì

Ìjà ni mo gbé lọ sílé bàbá náà. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti fi gbogbo òru gbé aláìsàn dìde, tó tún wa mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òwúrọ̀ kó tó dé ilé ní Springdale, ìpínlẹ̀ Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí ohun tó tún ń fẹ́ láyé ju oorun lọ. Mo ti bọ́ bàtà, mo ti fa aṣọ fèrèsé, mo ti sùn sílẹ̀ gbalaja, ni gìtá bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà.

Bàbá tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ni, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, arúgbó gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. A máa ń juwọ́ síra wa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ró ìró mọ́ra, mo so ìborùn mọ́ orí, mo jáde. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sẹ́nu, èyí tó dùn àti èyí tó korò. Bí mo ṣe yọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lu okùn tó nípọn, gbì, gbì, gbì, láìyẹsẹ̀. Ìka tó tẹ̀ lé e ń sáré kọrin lórí àwọn okùn tínrín, bí ẹni pé èèyàn méjì ló jókòó sórí àga kan. Ìka méjì péré! Mo mọ irú títa yẹn. Àbúrò bàbá mi ní Ìbàdàn máa ń ta gìtá bẹ́ẹ̀ nídìí ẹmu, títí màmá mi á fi lé e wọlé. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ta á bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Orí mi wú. Oorun tí mo torí ẹ̀ jáde, mi ò mọ ibi tó gbà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Daddy!" Bó ṣe já bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn.

Ó dáwọ́ dúró, ó wò mí, ó ní kí ni mo wí. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, àmọ́ nínú orí tèmi, "ẹ" ni mò ń pè é láti ọjọ́ náà. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹnu mi ò gbé e, Daddy ló máa jẹ́. Mo sì ṣàlàyé pé nílé wa, èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé.

"Iṣẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi tó ti di olóògbé, ariwo ló máa ń pè é."

"Èmi náà," mo ní, "ariwo ni mo wá bá yín jà lé lórí."

Ó fa àga kan fún mi. Ìgbà tí mo máa wo aago, ó ti di ọ̀sán.

Ó ní bulúùsì ni, orin arò àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi gìtá oníná mànàmáná ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Bulúùsì ti agbègbè tiwọn ni, láti gúúsù Maryland lọ títí wọ Virginia, èyí tí wọ́n ń ta níwájú ilé, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi tí wọ́n bá ti ń din ẹja. Inú abà tábà ló ti kọ́ ọ, nígbà tí bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń so ewé tábà kọ́ kó lè gbẹ. Ẹnì kan á máa ta gìtá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ á máa dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ mìíràn ó mú mi wọ pálọ̀, ó ṣí àpótí kan. Àwo orin àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, àwọn kékeré tó ní ihò ńlá láàrin, tí orin kan máa ń wà lójú kọ̀ọ̀kan. Mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ lóríṣiríṣi, mi ò rí tiẹ̀.

"Daddy, tiyín dà?"

Ó gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, ó sọ abẹ́rẹ́ lé e. Ọkùnrin kan ń kọrin. Gìtá kan ń dán yinrin lókè. Bàbá gbé ìka sókè. "Èyí tó ń kọrin kọ́," ó ní. "Gìtá òkè yẹn náà kọ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀. Èmi nìyẹn."

Mo tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ gbà mí! Orí gìtá ìsàlẹ̀ yẹn ni gbogbo orin náà dúró lé. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, onítọ̀hún ń ké lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú gbogbo àwo tó wà nínú àpótí: olórin á wá, Bàbá á gbè é lẹ́sẹ̀, orúkọ olórin nìkan ni wọ́n á tẹ̀ sára àwo. Onígìtá kejì ni, ẹni tí wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Èmi ni mo ń bínú. Mo bínú débi pé tíì tó pò fún mi tutù sínú ife.

Àrùn àwo orin wá wọ̀ mí lára. Ọjọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ ra bàtà ní Oxon Hill, èmi náà á lọ sí Oxon Hill, lọ tú àpótí àwo nínú ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, lórí ìkúnlẹ̀, eruku dé imú.

"Sister, ṣé o wà okay báyìí? Na old record you dey pack like this?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ mi ba àwo kan tí Bàbá ti sọ fún mi nípa rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ò ní. Mo pariwo! Oníṣọ́ọ̀bù sá jáde, ó rò pé eku ló gé mi jẹ. Mo wa mọ́tò lọ sílé bí ẹni tó gbé ẹyin lé itan. A gbé e sórí ẹ̀rọ, èmi àti Bàbá, mo sì ń nàka kó tó sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin nìyẹn! Ẹ̀yin nìyẹn!" Mo ti dá gìtá rẹ̀ mọ̀ láàrin èrò.

Ojú nọ́ọ̀sì kì í sinmi ṣá. Mo ti ń rí i pé ó máa ń gbọn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, pé ife máa ń fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rọ̀ ọ́ títí ó fi lọ rí dókítà. Iṣan ọrùn ọwọ́ ni nǹkan há mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Bí wọn ò bá ṣe é, àwọn ìka á kú tipiri. Bí wọ́n bá sì ṣe é, kò sẹ́ni tó lè jẹ́jẹ̀ẹ́ pé wọ́n á tún yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún un lọ́jọ́, kò sì jìnnà.

Ara gìtá ló kọjú sí nígbà tó sọ ọ́ fún mi. "Mo ti wà nínú àwo gbogbo èèyàn," ó ní. "Mo fẹ́ wà nínú tèmi, ẹyọ kan, kí wọ́n tó la ọwọ́ yìí."

Mo délé, mo pe ọmọbìnrin mi.

Ìlú yìí ni mo bí i sí. Iṣẹ́ apòògùn ló ń kọ́ kó tó já a sílẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn orin sílẹ̀, mo sì bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi rẹ àwa méjèèjì. Ó ti wá ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò kan ní Beltsville. Àmọ́ ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo bẹ̀ ẹ́.

"Wait, Mummy. Sítúdíò tèmi? The one ẹ ní ó máa sọ mí di aláìríṣẹ́?"

"Ìwọ ọmọ yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé àyè wà àbí kò sí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọ̀sán Sátidé ṣófo.

Àárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí ni sítúdíò náà wà, níbi tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù ńláńlá ti ń wọlé jáde. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo, wọ́n fi nǹkan rírọ̀ bo ògiri débi pé èémí ara mi ni mò ń gbọ́. Ọmọ mi to máìkì síwájú gìtá àti síwájú ẹnu Bàbá, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Mummy, ẹ lè jókòó síbẹ̀ yẹn, but please, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má sì mira."

Mo ní ṣé ọmọdé ni mí ni. Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, àtàǹpàkò ń rìn, ìka kejì ń tẹ̀ lé e, ó wá dé ibì kan tí ìka náà fò lọ sókè pátápátá tó sì yí bọ̀ wálẹ̀ ní wàràwàrà láìṣìnà. Ẹnu mi ò dúró gbàṣẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Mummy!"

Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó tún dé ibi yẹn, ó wá fi òmíràn kún un tí mi ò gbọ́ rí. "Hẹ̀ẹ̀n! Ẹ má dá a dúró o!" Àárín ìka mi ló gbà jáde.

"Okay. Mummy, I love you, but ẹ jáde."

Ó lé mi jáde! Èmi tí mo bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo bí i! Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ láàrin àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù, mò ń dá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìbínú rọlẹ̀, ẹ̀rù ló kù. Ọwọ́ yẹn kì í pẹ́ kú sára mọ́. Bó bá ti ta á fún ìgbà díẹ̀, á ní òun ò mọ ìka òun mọ́. Mo ti fi ẹnu mi jẹ ẹ̀ẹ̀mejì nínú agbára rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó dáàbò bo ìyókù.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ mi yọjú, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mummy, kò work. Kò ṣi ibì kankan ta, but it's just... Ó dà bí ẹni ń ka homework."

Bàbá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọn ọwọ́. Ọmọ mi ló bá sọ̀rọ̀, èmi ló ń wò. "Gbogbo àwo yẹn," ó ní, "kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n má baà gbọ́ bó ṣe ń lu ilẹ̀. Wọ́n á ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo jókòó jẹ́ẹ́ nínú gbogbo wọn. Jẹ́ kí ìyá rẹ wọlé. Mi ò mọ ẹni tí mò ń ta á fún níbẹ̀ yẹn."

Ọmọ mi dúró, ó rò ó. Mo rí i bó ṣe ń rò ó, mo sì rí i pé ó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó wọlé, ó ká kápẹ́ẹ̀tì náà kúrò, ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ bàtà Bàbá, ó gbé máìkì kan sídìí rẹ̀. Ó gbé àga mi súnmọ́ tòsí, ó gbé máìkì fún èmi náà.

"Mummy, ó yá. Ẹ sọ whatever ẹ bá fẹ́ sọ."

Bí wọ́n ṣe gbà mí láyè báyìí, ẹnu mi gbẹ! Mo jókòó gbagidi bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Bàbá wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó jẹ́ kó balẹ̀ lórí pákó.

Mi ò rántí máìkì mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún, àtàǹpàkò ń bá ẹsẹ̀ lọ, ìka kejì ń ṣe bó ṣe wù ú. Ó bá kọrin sókè, ó kọ ọ́ sí ojú mi tààrà, mo dá a lóhùn. Ó tún gbé òmíràn. "Ẹ ṣé o! Ọwọ́ yín ò ní rọ!" Ó lè má mọ ohun tí mò ń wí, àmọ́ ó mọ ibi tí màá ti wí i, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ dè mí. Orin kan tán, kò sinmi, ó bọ́ sí òmíràn, ó bọ́ sí òmíràn. Mo wo ẹ̀yìn dígí, ọmọ mi ti dìde dúró, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń jó. Inú mi dùn débi pé ó ń bà mí lẹ́rù. Nínú orin tó kẹ́yìn, ìka rẹ̀ kọ̀, ó fo okùn kan. Bàbá rẹ́rìn-ín sókè, ó bá orin lọ. Ọmọ mi ní ẹ̀rín náà ò ní kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, àmọ́ àwọn ìka náà ò tíì padà sípò. Dókítà ní ká ṣe sùúrù. Bàbá ní òun ti ṣe sùúrù rí.

Nígbà tí àwo náà jáde, ọmọ mi gbé e wá, mo sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, gàdàgbà. Bàbá fi àtàǹpàkò tọ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dún nínú àwo, lẹ́yìn náà gìtá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá èyí inú àwo lóhùn. Ló bá pariwo: "Sọ ọ́, ọmọkùnrin! Sọ fún wọn!" Ara rẹ̀ ló ń bá wí. Ó tún pariwo, ó ń fi ọwọ́ òsì lu apá àga, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì bo gìtá mọ́lẹ̀, a sì ti fẹ́ dé ibi tí ìka yẹn ti fò.

"Daddy," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n gbọ́."

Kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi.

"Ìwọ ti pariwo tìrẹ," ó ní. "Èmi ló kàn."