Ayálégbé Wa àti Ìgbẹ́ Adìyẹ Mi

Ṣíbí onírin kan ni ayálégbé wa, tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì l'Áyétòrò, fi máa ń bu ìgbẹ́ adìyẹ mi sínú ike. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kápúsù apakòkòrò àìsàn tí mo ń tú sómi wọn ti jẹrà tán nínú ìgbẹ́ náà.

"Màmá Bọ́lá, ó ṣì wà níbẹ̀! Ẹ ń kọ́ kòkòrò àìsàn bí wọ́n ṣe máa borí oògùn ni."

"Ṣé adìyẹ mi kan kú ni?"

Á mí kanlẹ̀, á tún bu òmíràn.

Nígbà tí ìṣó gún Bọ́lá lẹ́sẹ̀ nílé adìyẹ, oògùn mẹ́ta kò ran ọgbẹ́ náà. Dókítà bi mí bí mo ṣe ń lo kápúsù. Ayálégbé wa, tó bá wa dé ilé ìwòsàn, ló tètè dáhùn: "Gbogbo àdúgbò wa ló ń dà á fún adìyẹ, sà."

Inú bí mi pé ó ń bo àṣírí mi. Ó yẹ kó bú mi, torí ẹsẹ̀ ọmọ mi ṣì ń wú.